Ẹ Béèrè Àkàbà Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá gba títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ kọjá lóde òní yóò rí i pé ilé ń hù ní apá ibẹ̀ bí olú lẹ́yìn òjò. Láti Lẹ́kí dé Ajah, láti Ajah dé Ṣàngótẹ̀dó, bí wọ́n ti ń parí ọ̀kan ni wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ òmíràn lélẹ̀. Ojú gbogbo ènìyàn a sì máa wà lókè: ẹnì kan ń ka iye àjà, ẹnì kan ń yin gíláàsì ojú fèrèsé, ẹnì kẹta ń béèrè iye tí wọn yóò máa gbà lórí rẹ̀ lọ́dún. Èmi kì í tètè wo òkè. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni ọ̀nà tí àwọn tó wà lókè gbà dé ibẹ̀.

Olùkọ́ ni mí, n kò sì ju ẹni ọdún 36 lọ. Nígbà tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, iṣẹ́ tíṣà ni mo wá ṣe ní Ajah, kì í ṣe iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ṣùgbọ́n fèrèsé kíláàsì mi dojú kọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ sì jẹ́ ọmọ bíríkìlà, ọmọ káfíńtà, ọmọ akunlé àti ọmọ lébìrà. Bàbá àwọn kan ti Kutọnu wá, ti àwọn kan ti Tógò, ti àwọn mìíràn ti Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Ní ìdájí ni wọ́n ń jáde. Bí wọ́n bá délé láyọ̀ ní alẹ́, ọmọ yóò rí owó ìwé mú wá lọ́jọ́ kejì. Nítorí náà, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí sikáfóòdù kì í pẹ́ kí ó tó dé orí tábìlì mi.

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Sikáfóòdù ni pẹpẹ gíga tí àwọn oníṣẹ́ ń dúró lé láti mọ ògiri, láti rẹ́ ẹ, tàbí láti kùn ún. Àwọn kan ń fi ọparun àti pákó kàn án. Àwọn kan ń háyà èyí tí a fi páìpù irin ṣe, tí a ń to férémù rẹ̀ lé ara wọn bí ilé ìṣọ́, tí òmíràn sì ní táyà lẹ́sẹ̀. Pẹpẹ orí rẹ̀ ni gbogbo wa ń rí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í kíyè sí ni pé kò sí àkàbà níbẹ̀. Irin tí a fi dábùú kí férémù lè dúró ṣinṣin, òun ni lébìrà ń tẹ̀ gòkè ní ẹ̀yìn ìta, tí yóò fi ọwọ́ kan di páànù sìmẹ́ńtì mú lórí, tí yóò sì fi ọwọ́ kejì wá irin tó kàn. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe fi ọwọ́ kan gòkè?

Ní ọdún tó kọjá, ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì mi, ọmọ tó mọ ìṣirò ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò wá sí ilé-ìwé fún ọjọ́ 9. Mo lọ wá a lọ sílé wọn ní ọ̀nà Badore. Bàbá rẹ̀ ni mo bá lórí ẹní, wọ́n ti fi P.O.P. di ẹsẹ̀ rẹ̀ láti itan dé ọrùn-ẹsẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ìrora o, bàbá. Ọlọ́run yóò wò yín sàn." Ó ní, "Àmín o, Tíṣà. Ẹ ṣeun tí ẹ wá." Mo wá bi í bóyá orí pẹpẹ ni ó ti yọ̀. Ó mi orí. Ó ní, "Tíṣà, ó ti di ọdún 17 tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lókè, òkè kò ṣe mí ní nǹkan kan rí. N kò tíì dé òkè lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà ni mo wà."

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹrẹ̀ wà lábẹ́ bàtà rẹ̀, irin ìdábùú tí ó tẹ̀ sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ níbi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 12 sí ilẹ̀. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un, tí n kò ní í dárúkọ, san owó ọjọ́ kìíní ní ilé ìwòsàn, láti ìgbà náà kò sì gbé fóònù mọ́. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ta ata ní ọjà, kó gbogbo owó ọjà rẹ̀ sórí ìtọ́jú. Ọmọ tó mọ ìṣirò wá ń jókòó ti àtẹ ata kí ìyá rẹ̀ lè ráyè lọ tọ́jú ọkọ, ó sì pàdánù táàmù kan gbáko. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin náà mọ ohun tí í máa ń jẹ́ bí ènìyàn bá jẹ owó ọjà rẹ̀ tán. Gbogbo èyí, nítorí àkàbà kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ gbé àga kan tí kò wúwo kalẹ̀, ẹ kó ìwé kún inú àpò kan, ẹ sì gbé àpò náà lé orí ìjókòó rẹ̀: àga yóò dúró. Ẹ wá so àpò kan náà kọ́ ẹ̀yìn àga: yóò fẹ́ dà sẹ́yìn. Àpò kò yí padà, àga kò yí padà. Ibi tí ẹrù wà ni ó yí padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sikáfóòdù rí. Ẹni tó bá gba inú rẹ̀ gùn ún, ìwúwo rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn ìta, ó ń fà á wó lé ara rẹ̀ ni. Bí ó bá sì ti ga tó, tí ìdí rẹ̀ kò fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ewu náà ń pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn bàbá wa. Adẹ́mu kì í gun ọ̀pẹ láìsí igbà, okùn líle tí ó fi ń yí ara rẹ̀ àti igi ọ̀pẹ po. Kì í ṣe ìgbà tó bá dé orí ọ̀pẹ ni ó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wá igbà; láti ilẹ̀ ni ó ti ń so ó, lẹ́yìn tí ó bá ti fà á wò bóyá kò tíì gbó. Akèrègbè rẹ̀ a rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì a sì wà lára igbà. N kò tíì gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni pe adẹ́mu ní ojo nítorí pé ó lo igbà. Kí ló wá dé tí a fi ń pe lébìrà tó béèrè àkàbà ní ọ̀lẹ?

Sikáfóòdù onírin tó dára ní àkàbà tirẹ̀ nínú, tàbí kí férémù rẹ̀ ní ìtẹ̀sẹ̀ tó súnmọ́ra bíi ti àkàbà. Pákó pẹpẹ rẹ̀ ní ihò onílẹ̀kùn, kí oníṣẹ́ lè gba inú yọ sókè, kí ó sì pa ilẹ̀kùn náà dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Irin ìdáàbòbò yí etí pẹpẹ ká. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí pákó líle. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa, nítorí ilẹ̀ iyanrìn ni ilẹ̀ wa, ẹsẹ̀ irin a sì máa rì sínú rẹ̀. Bí ó bá ní táyà, kí a ti táyà náà pa kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún, kí a má sì tì í kiri nígbà tí ènìyàn bá wà lórí rẹ̀. Ẹrù kò gbọdọ̀ bá ènìyàn gun àkàbà. Okùn àti garawa ni kí a fi fà á sókè. Bí ó bá sì jẹ́ ti ọparun, kí a kọ́kọ́ so ó mọ́ ilé ṣinṣin, kí a tó so àkàbà mọ́ ọn. Bí àkàbà bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ìdí rẹ̀ jìnnà sí ibi tó fẹ̀yìn tì ní ẹsẹ̀ bàtà 1. Kí orí rẹ̀ sì ga kọjá pẹpẹ tó ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ lè rí nǹkan dì mú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àṣejù tíṣà ni èyí. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní ILO, fọwọ́ sí Àdéhùn 167 ní 1988 lórí ààbò níbi ilé kíkọ́. Ó wà nínú rẹ̀ pé bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn tó láàbò láti dé ibi iṣẹ́ gíga, kí a pèsè àkàbà tó dára, kí a sì dè é kí ó má bàa yẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà kọ̀ ọ́ pátápátá pé kí ẹnikẹ́ni fi irin ìdábùú sikáfóòdù ṣe àkàbà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 2005 lórí iṣẹ́ òkè ní kí irin ìdáàbòbò níbi ilé kíkọ́ ga tó sẹ̀ǹtímítà 95, ó kéré tán. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìjọba Èkó fi òfin dá àjọ tó ń rí sí ààbò sílẹ̀ ní 2011. Òfin àpapọ̀ ti 2010 sì ní kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà 1 nínú náírà 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò NSITF, kí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí owó gbà-má-bínú gbà. Ṣùgbọ́n lébìrà tí a mú láàárọ̀ tí a sì sanwó fún ní ìrọ̀lẹ́, orúkọ rẹ̀ kì í sábà sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ilé kan wó ní Lẹ́kí ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 2016, tí ó pa ènìyàn tó lé ní 30, gbogbo rédíò ló kéde rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nígbà tí ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, tí ènìyàn tó lé ní 40 sì bá a lọ. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jábọ́ ní òun nìkan, kò sí rédíò tí yóò dárúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti tíṣà ọmọ rẹ̀ nìkan ni yóò mọ̀. Bí ìròyìn kò bá sì dé etí àwọn tó ń kọ́lé, ọwọ́ àwa tí a ń sanwó ni àtúnṣe wà.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé-ìwé wa gan-an ní ìsinmi Àjíǹde tó kọjá. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ dá owó jọ láti kun ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, kí a sì fi ìyókù ṣe bẹ́ǹṣì. Akunlé méjì ló wá. Èkíní ní òun yóò gun ọparun bí òun ti ń gùn ún látẹ̀yìnwá, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Èkejì ka háyà sikáfóòdù onírin tó ní àkàbà inú àti pákó onílẹ̀kùn mọ́ iye tirẹ̀, owó rẹ̀ sì fi iye bẹ́ǹṣì 6 ju ti èkíní lọ. Ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀. Alága ní, "Tíṣà, mẹ́ta mẹ́ta ni àwọn ọmọ ń há ara wọn lórí bẹ́ǹṣì, ẹ wá ní kí á lọ háyà àkàbà fún ẹni tí kò bẹ̀ wá?" Òótọ́ ni wọ́n sọ, kíláàsì tèmi gan-an ni bẹ́ǹṣì ti kéré jù. Mo dìde, mo ní, "Alága wa, ẹ má bínú. Bí ọmọ iṣẹ́ akunlé yìí bá jábọ́ nínú ọgbà wa, ilé-ìwé ta ni ọmọ tirẹ̀ yóò ti kúrò?" Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá kan tó ń ta aṣọ wá ní, "Nígbà tí mo bá rán ọmọ iṣẹ́ mi gun òkè ṣọ́ọ̀bù lọ gbé aṣọ, èmi ni mo máa ń wá ohun tí yóò tẹ̀. Owó tí a bá fi du àkàbà, ilé ìwòsàn ni yóò gbà á." A dìbò; ìbò méjì péré ni a fi borí.

Akunlé náà lo ìdajì ọjọ́ kan láti to sikáfóòdù rẹ̀, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń gòkè, wọ́n ń sọ̀, bí ẹni ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ara rẹ̀, wọ́n sì parí ní ọjọ́ kẹfà. Bẹ́ǹṣì 6 náà kò tíì dé bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Mẹ́ta mẹ́ta ni àwọn ọmọ mi ṣì ń jókòó, alága a sì máa rán mi létí nígbàkigbà tí a bá pàdé. Mo máa ń kí wọn, mo sì máa ń dúró gbọ́ ọ tán. Bẹ́ǹṣì lè dúró di táàmù tó ń bọ̀. Ẹsẹ̀ tó bá kán kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi àga àti àpò kọ́ àwọn ọmọ yín. Bí wọ́n bá délé wọn yóò sọ ọ́ fún bàbá wọn, bàbá a sì máa gbọ́ ti ọmọ ju ti fóómàn lọ. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń ṣú owó jọ láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù tàbí láti kun ilé, nígbà tí kọ́ńgílá bá kó ìwé iye owó wá, ẹ fara balẹ̀ kà á. Sìmẹ́ńtì yóò wà níbẹ̀, irin yóò wà, iyanrìn yóò wà, oúnjẹ lébìrà pàápàá lè wà. Ẹ wá àkàbà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ bi í pé, "Ọ̀nà wo ni àwọn ènìyàn rẹ yóò gbà gòkè?" Bí ó bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ má tíì sanwó.