Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Àìmọye ìgbà ni mo ti fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kíláàsì. Pẹpẹ tí òwe náà ń wí ni pẹpẹ inú ilé tí ìyá ń kó àwo sí. Ṣùgbọ́n nínú Ìjọ Àgùdà, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kàtíkísìmù, pẹpẹ tún ni tábìlì mímọ́ tí àlùfáà ti ń ṣe Mísà, tí a sì ti ń gba Ara Olúwa. Ọmọbìnrin kan ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ lè má tó pẹpẹ kejì yìí náà, nígbà tí àwa àgbà bá gbé e ga ju bí ó ti yẹ lọ.

Ní ọdún 2004 ni. Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 11, kò sì gbọ́ràn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ìyá rẹ̀ ń ta búrẹ́dì ní ọjà, òun ni ó sì máa ń bá a tò ó sórí àtẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ìyá náà fà á lọ́wọ́ wá sí ọ̀dọ̀ mi.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi fẹ́ gba Kọmúníọ̀nù bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

Mo fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn, nítorí ó dàgbà jù mí lọ: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Kò kúkú gbọ́ ìbéèrè, báwo ni yóò ṣe dáhùn? Ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ sí i."

Kí ni àgbà yóò ṣe sí etí tí kò gbọ́ràn? N kò bi ara mi léèrè. Àkọ́sórí ni gbogbo ẹ̀kọ́ wa nígbà náà. Èmi a bèèrè, àwọn ọmọ a fi ohùn kan náà ké ìdáhùn. Ẹni tí ó bá kà á bí odídẹrẹ́ láìṣì í kà ni ó yege. Ọdún méjì gbáko ni ìyá náà fi ń pààrà ọ̀dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo sì ń sọ fún un. Bí ó bá di ọjọ́ Àìkú, tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà dìde lọ síwájú, òun a jókòó sórí àga, a máa wo ẹ̀yìn wọn.

Ní ọdún 2006, wọ́n gbé Fádà tuntun wá sí ìjọ wa. Ìyá náà lọ bá a. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Fádà ránṣẹ́ pè mí.

"Tíṣà, ta ni ó ní kí ọmọ yìí má gba Kọmúníọ̀nù?"

"Èmi ni, Fádà. Kò lè ka kàtíkísìmù."

Kò bá mi jà. Ó ṣí Ìwé Òfin Ìjọ tí Póòpù John Paul Kejì gbé jáde ní ọdún 1983, ó sì fi òfin 777 hàn mí. Òfin náà ní kí àlùfáà tí ń ṣàkóso ìjọ rí i pé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ara tàbí ọpọlọ wọn ní ìdíwọ́ pẹ̀lú, níwọ̀n bí agbára wọn bá ti mọ. Lẹ́yìn èyí, ó sọ fún mi nípa àṣẹ tí ó jáde ní ọdún 1910, nígbà ayé Póòpù Pius Kẹwàá. Àṣẹ yẹn kò bèèrè ìmọ̀ kíkún lọ́wọ́ ọmọdé. Ó fẹ́ kí ọmọ mọ ìyàtọ̀ láàárín Ara Olúwa àti búrẹ́dì lásán.

Ni Fádà bá ní kí a pe ọmọ náà wá sínú ilé ìsìn. Ó mú ègé búrẹ́dì kan láti inú ọjà ìyá rẹ̀, ó fi hàn án, ó sì fi ojú bi í léèrè. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣe bí ẹni tí ń ka owó, ó ṣe bí ẹni tí ń jẹun, ó fi ọwọ́ pa ikùn. Fádà wá nawọ́ sí àpótí mímọ́ tí a ń fi Ara Olúwa pamọ́ sí, níbi tí àtùpà pupa ti ń jó. Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọ náà. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí a kàn mọ́ igi, ó tẹ orí ba, ó kó ọwọ́ méjèèjì jọ sí àyà rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

Fádà wò mí. "Tíṣà, kí ni ẹ tún fẹ́ kí ó sọ?"

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ní gbogbo ọdún tí mo rò pé ọmọ yìí kàn jókòó lásán, ojú ni ó fi ń gbọ́ ìwàásù. Yorùbá sì ti wí fún mi tipẹ́ pé ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Àwọn baba wa tí wọ́n ń pa àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn láìla ẹnu mọ̀ pé ohùn nìkan kọ́ ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà. Èmi tí mo ń kọ́ni ní àrokò ní kíláàsì ni mo gbàgbé rẹ̀ nígbà tí mo dé ilé ìsìn. Odi ni a ń pe ọmọ náà, àfi bí ẹni pé kò ní ohun kan láti sọ.

Ohun tí Fádà ṣe kì í ṣe tuntun nínú Ìjọ. Ní ìlú Paris, ní nǹkan bí ọdún 1760, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Charles-Michel de l'Épée bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kọ́ àwọn ọmọbìnrin méjì, ọmọ ìyá kan náà, tí wọn kò gbọ́ràn, kí wọn má baà kú láìmọ Ọlọ́run. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ni ó ti ibẹ̀ jáde. Louis Braille, afọ́jú tí ó gbé ìwé jáde ní 1829 lórí bí afọ́jú ṣe lè fi ìka kàwé, máa ń tẹ dùùrù ní ilé ìsìn Kátólíìkì. Ní Èkó níhìn-ín, ọdún 1962 ni Ìjọ dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú tí a ń pè ní Pacelli sílẹ̀ ní Súrùlérè.

A wá olùkọ́ kan tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́ láti kọ́ wa ní èdè ọwọ́. Èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì ni a jọ kọ́ ọ, àwọn ọmọ sì tètè mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mo fi àwòrán rọ́pò ìdajì àkọ́sórí. Ní ọjọ́ Àjọ̀dún Ara Olúwa ní ọdún 2007, ọmọ náà gba Kọmúníọ̀nù. Ìyá rẹ̀ kò pàtẹ ní ọ̀la rẹ̀. Ó pín búrẹ́dì fún gbogbo kíláàsì.

Akèǹgbè inú òwe náà ńkọ́? Bàbá àgbà kan wà ní ìjọ wa tí ó ti jẹ́ ọ̀gá akọrin rí. Nígbà tí ogbó dí i létí, ó dẹ́kun wíwá sí Mísà, ó ní kò sí ohun tí òun ń gbọ́ níbẹ̀ mọ́. Wọ́n rọ̀ ọ́ padà, wọ́n fi í jókòó ti ọmọbìnrin yìí. Ọmọ náà ni ó fi ọwọ́ kọ́ ọ ní Àdúrà Olúwa, díẹ̀díẹ̀, bí a ti ń kọ́ ọmọ ní ìrìn. Kò sí ìkankan nínú wa tí a gbọ́ràn tí ó lè ṣe èyí fún bàbá náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kọ èyí nítorí ọmọ mìíràn tí n kò tíì dárúkọ. Ṣáájú ọmọbìnrin yìí, ọmọkùnrin kan wà tí ọpọlọ rẹ̀ kò yá bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í lè jókòó jẹ́ẹ́, ó sì máa ń pariwo. Mo ní kí àwọn òbí rẹ̀ máa fi í sílẹ̀ nílé kí àwọn yòókù lè ráyè kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n mú un lọ, wọn kò sì padà wá mọ́. Títí di òní, bí mo bá ń pe orúkọ àwọn ọmọ ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà.