TFTP: Ẹrù Kan, Èsì Kan

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde nínú páálí, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi Windows tàbí Linux sí, kò mọ púpọ̀ láyé. Ìwọ̀nba ọgbọ́n tó ní ni èyí tí àwọn tó ṣe é kọ sínú ṣíìpù kékeré kan: bí yóò ṣe béèrè fáìlì lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tí wọ́n jọ wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. TFTP ni ìlànà tó sábà máa ń fi béèrè. Ọ̀pọ̀ ráútà àti tẹlifóònù orí tábìlì ọ́fíìsì náà ń gba sọ́fítíwíà wọn lọ́nà yìí. Noel Chiappa ló kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀. Karen Sollins ti MIT, ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ jáde ní 1981, ó sì tún un ṣe ní 1992. Kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò lè to orúkọ fáìlì fúnni wò, kò lè pa fáìlì rẹ́. Kó gbé wá, kó gbé lọ, ó parí. (Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣí i sílẹ̀ sí gbangba íntánẹ́ẹ̀tì.)

Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ló wà lẹ́nu rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀: fún mi, gbà, ẹrù rèé, mo ti gbà á, àti, wàhálà wà. Ẹni tó fẹ́ fáìlì á kan pọ́ọ̀tù 69, ìyẹn ilẹ̀kùn TFTP, lára sáfà, kọ̀ǹpútà tí fáìlì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Sáfà á sì dá a lóhùn láti pọ́ọ̀tù mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn, kí 69 lè ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹrù á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Báìtì 512 ló wà nínú ẹrù kọ̀ọ̀kan, kò lé, kò dín, àfi ti ìkẹyìn. Báìtì mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀: méjì ń sọ pé ẹrù ni, méjì ń sọ nọ́ńbà rẹ̀. Báìtì mẹ́rin náà ni èsì tí ẹni tó gbà á ń fi padà: mo ti gba ẹ̀kíní. Bí èsì yìí kò bá dé, ẹ̀kejì kò ní kúrò nílẹ̀.

Ẹrù tí kò bá pé 512 ni àmì pé fáìlì ti tán. Bí fáìlì bá wá pín sí 512 geere láìṣẹ́kù ńkọ́? Sáfà á fi ẹrù kan ránṣẹ́ tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, tí kò sì sí nǹkan kan nínú. Mo fẹ́ràn ẹrù òfìfo yẹn ju gbogbo ohun tó kù nínú ìlànà náà lọ.

UDP, ìlànà mìíràn tó ń gbé ẹrù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni TFTP ń gùn. Ojú ewé mẹ́ta péré ni ìwé tí Jon Postel fi ṣàlàyé UDP ní 1980, UDP kò sì ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni: ó ju ẹrù sójú ọ̀nà, kò bojú wẹ̀yìn. Nọ́ńbà àti aago ni TFTP fi wá ìdánilójú fún ara rẹ̀. Bí aago bá dún tí èsì kò dé, yóò tún ẹrù tó fi ránṣẹ́ gbẹ̀yìn fi ránṣẹ́. Kódà, ẹni tó ti gba ẹrù ìkẹyìn kì í yára pa ilẹ̀kùn dé. Ìlànà gbà á níyànjú pé kó dúró díẹ̀, bóyá èsì rẹ̀ ìkẹyìn ló sọnù, kó lè tún un sọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ìdúró yìí ń náni. Fáìlì mẹ́gábáìtì mẹ́wàá jẹ́ ẹrù 20,480, àti òfìfo kan lẹ́yìn wọn. Nínú ilé kan ṣoṣo, níbi tí àlọ àti àbọ̀ lè má ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá ni gbogbo rẹ̀. Ká wá ní láti Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó ni, kí àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Fáìlì kan náà á gba ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹ sì lè fi okùn abẹ́ òkun tó nípọn jù láyé so ìlú méjèèjì pọ̀, iye yẹn kò ní fi bẹ́ẹ̀ dín, nítorí pé òfìfo ni okùn náà wà ní ọ̀pọ̀ jù lọ àkókò. Èsì kò wúwo, báìtì mẹ́rin ni. Ìjókòó lásán tí sáfà ń jókòó dè é ló ń jẹ àkókò.

Àìsàn kan tún wà lára TFTP tẹ́lẹ̀, tí RFC 1123, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, tí Robert Braden ṣe olóòtú rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1989, fi orúkọ ọmọ iṣẹ́ oṣó pè, èyí inú ìtàn tó fi ọfọ̀ rán ìgbálẹ̀ lọ pọn omi, tí kò mọ ọfọ̀ tí yóò fi dá a dúró. Ká ní ẹrù 7 kò sọnù, ó kàn pẹ́ lọ́nà. Aago sáfà dún, ó tún 7 fi ránṣẹ́. Méjèèjì dé, ẹni tó ń gbà sì dáhùn méjèèjì. Ìlànà ìgbà yẹn ní kí sáfà fi ẹrù tó kàn lé èsì kọ̀ọ̀kan. Ẹrù 8 bá lọ lẹ́ẹ̀mejì, èsì rẹ̀ bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, 9 lọ lẹ́ẹ̀mejì, títí fáìlì fi tán. Bí ọ̀nà bá sì ti dí tẹ́lẹ̀, ìlọ́po yìí á tún dí i sí i, aago mìíràn á tún dún. Síbẹ̀ fáìlì á dé pípé, kò ní sí báìtì kan tó yí padà, nítorí náà ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò kò ní rí àléébù kankan àfi pé ó pẹ́. Oògùn rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: èsì tó bá dé lẹ́ẹ̀kejì, kí sáfà má dá a lóhùn, aago nìkan ló láṣẹ láti mú un tún ẹrù fi ránṣẹ́.

Ní 1995 ni wọ́n gbà á láyè kí ẹrù ju 512 lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo 1468, nítorí pé 1500 ni Ethernet máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan, àwọn àkọlé orí ẹrù sì gba 32 nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù kan, èsì kan ṣì ni. Oṣù Kìíní 2015 ni RFC 7440 tó tú u sílẹ̀: sáfà lè da ẹrù mẹ́rìndínlógún, bí àpẹẹrẹ, sójú ọ̀nà léraléra, kó gba èsì kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Fáìlì wa ti Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó á di ẹrù 7,143, ìdúró á di 447, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n á sì di nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùndínláàádọ́ta, bí ohunkóhun kò bá sọnù. Bí ìkarùn-ún bá sọnù nínú mẹ́rìndínlógún, ẹni tó ń gbà á dáhùn pé ẹ̀kẹrin lòun dé, sáfà á sì padà bẹ̀rẹ̀ láti ìkarùn-ún, tòun ti àwọn tó ti gúnlẹ̀ láyọ̀. Lójú ọ̀nà tó ń sọ ẹrù nù, tàbí lọ́dọ̀ ẹ̀rọ kékeré tí àyè inú rẹ̀ kò gba mẹ́rìndínlógún lẹ́ẹ̀kan, mẹ́rin lè yá ju mẹ́rìndínlógún lọ.

Ẹni tó ń béèrè ló ń dárúkọ iye tó fẹ́, nínú ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́. Sáfà lè gbà, ó sì lè já a wálẹ̀. Sáfà àtijọ́ tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí kò ní bá a jiyàn. Yóò ṣe bí ẹni tí kò rí i, yóò sì gbé ẹrù kìíní, báìtì 512, sójú ọ̀nà.