Ìjàpá Bàbá Mi Lójú Ọ̀nà Àkúrẹ́

Ọdún 1976 ni bàbá mi fi owó tí ìjọba ń yá àwọn olùkọ́ nígbà náà ra Volkswagen kan, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá. Ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Òjó, l'Ékòó, ni wọ́n ti tò ó. Ọdún tó ṣáájú, 1975, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ níbẹ̀. Bàbá ti papò dà, Ìjàpá ṣì wà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Àkúrẹ́ wá ní òun fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ òun. Ó kàn mí láti wà á lọ láti Ìbàdàn.

Kí n tó gbéra rárá, ẹ́ńjìnì ti ń yọ mí lẹ́nu. Ọyẹ́ mú. Láàárọ̀, bí mo bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́, yóò yí gìrìgìrì, kò ní mú. Bó bá wá mú, á máa mísì. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ fẹ́ ká máa bi í léèrè ní ẹsẹẹsẹ. Ṣé ó ń yí? Bí kò bá yí, bátìrì tó wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni a ó kọ́kọ́ wò, àti orí rẹ̀ níbi tí wáyà ti dè é, tó máa ń hu nǹkan funfun. Bó bá ń yí tí kò mú, nǹkan méjì la ó kọ́kọ́ fura sí: epo àti iná. Ìjàpá wa ń yí dáadáa. Mo ṣí ẹnu kàbùrétọ̀, mo fi ọwọ́ fa irin tí wáyà tòròtúù so mọ́, epo ń tú wọ inú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Epo bọ́ sílẹ̀ nínú ẹjọ́, ó ku iná.

Mo dúró kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá kí n tó fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnì yìí, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kì í pẹ́ jẹ bí wọ́n bá yọ púlọ́ọ̀gì nínú ooru. Mo fi pọ́ǹpù táyà fẹ́ gbogbo eruku ìdí wọn kúrò, kí iyanrìn má bàa bọ́ sínú. Mẹ́rin ni wọ́n, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, nítorí ńṣe ni àwọn sìlíńdà Ìjàpá dùbúlẹ̀. Wáyà kan ṣoṣo ni mo ń yọ lẹ́ẹ̀kan, mi ò jẹ́ yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ọ̀kan, ẹ̀rin, ẹ̀ta, èjì ni iná ṣe ń tò tẹ̀ lé ara wọn, bí wáyà méjì bá sì ṣi ipò, ẹ́ńjìnì yóò máa yìnbọn, kò ní ṣiṣẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tó fara pamọ́ sápá òsì níwájú, ló ń dán sùúrù ènìyàn wò. Ọwọ́ lásán la fi ń wá a, ojú kì í tó o.

Mo tò wọ́n sórí ìwé ìròyìn bí wọ́n ṣe jókòó lára ẹ́ńjìnì. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí púlọ́ọ̀gì ni ẹlẹ́rìí tó ti inú iná jáde wá. Bí tánganran ìdí rẹ̀ bá pupa rẹ́súrẹ́sú, ara ẹ́ńjìnì yá. Bí èédú gbígbẹ bá bò ó, epo ti pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Bó bá dúdú tó sì ń yọ̀, ẹ́ńjìnì ń jẹ ọ́ìlì. Bó bá funfun tí etí irin rẹ̀ sì ń yọ́, ooru ti pọ̀ jù. Èyí tó bá tutù, tó ń rùn fún epo, iná kò tà lójú rẹ̀ nìyẹn. Tiwa pupa rẹ́súrẹ́sú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, inú mi sì dùn sí i. Àmọ́ irin àárín wọn ti jẹ, ó ti rí róbótó, àlàfo tó yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi milimítà 0.7 ti fẹ̀ gan-an. Bí àlàfo bá fẹ̀, agbára tí iná nílò láti fò ó á pọ̀ sí i, ní àárọ̀ ọyẹ́ tí sítátà sì ń fa bátìrì, kọ́ìlì kò ní lè pèsè rẹ̀. Ìdí tí kò fi mú nìyẹn.

Mo lọ sí Gate, n'Ìbàdàn, láti ra tuntun. Ayédèrú púlọ́ọ̀gì pọ̀ lọ́jà. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi, tánganran rẹ̀ ń mì, lẹ́tà ara rẹ̀ sì ń ṣí bọ́ sí mi lọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ojúlówó ni o,” ni ọmọkùnrin tó ń tà á wí.

“Àbúrò, má bínú, bá mi mú òmíràn wá.”

Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó gbé NGK B5HS dé, èyí tó bá Ìjàpá mu. Mo wọn àlàfo wọn, mo fi ọmọ ìka yí wọn wọlé títí wọ́n fi jókòó kí n tó fi sípánà mú wọn. Mo dá àwọn rọ́bà ìdí wáyà padà síbi tí wọ́n wà, nítorí atẹ́gùn ló ń mú ẹ́ńjìnì yìí tutù, kò ní omi. Bí rọ́bà wọ̀nyẹn bá sọnù, atẹ́gùn á máa jò dànù. Mo ṣí kọ́kọ́rọ́, ó mú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mo gba Ìwó Road jáde, mo kọjá Ẹ̀gbẹ́dá, mo kọjá Aṣéjíre níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun. Ohùn Ìjàpá dọ́gba, ara mi balẹ̀. Ní Ìkirè mo dúró ra dòdò, ta ni yóò kọjá Ìkirè tí kò ní ra dòdò? Nígbà tí mo padà sínú ọkọ̀, ó yí, ó yí, kò mú. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ẹ́ńjìnì wà, sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Nígbà tó tutù, ó mú. Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Èyí tó ń yọni lẹ́nu nínú òtútù ti lọ, òmíràn tó ń yọni lẹ́nu nínú ooru ló kù.

Ó gbé mi kọjá Gbọ̀ngán àti Ifẹ̀. Ìlú Iléṣà ni òkè wà, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mísì, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan bá mi tì í wọ ọgbà mẹ́káníìkì kan. Bàbá àgbà kan jókòó lórí táyà níbẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.”

“Káàbọ̀, ọmọ mi. Kí ló ń ṣe é?”

Kí n tó dáhùn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ní púlọ́ọ̀gì ni, ká lọ ra tuntun. Bàbá ní kó yọ ọ̀kan wá. Ó wò ó lóòrùn, ó gbóòórùn rẹ̀. “Púlọ́ọ̀gì yìí mọ́. Epo tutù wà lójú rẹ̀. Kò jẹ̀bi.” Ó fa wáyà kọ́ìlì yọ, ó fi aṣọ gbígbẹ mú rọ́bà rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ irin ẹ́ńjìnì, ó ní kí n yí i. Iná tó ta tín-ín-rín, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Iná tó dára máa ń ní àwọ̀ búlúù, a sì máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ó ṣí dísítíríbútọ̀. Ojú kóńtáàtì ti jóná, ọ̀kan ti yọ kókó, èkejì ti dá kòtò. “Kọ́ńdẹ́ńsà ni,” ló wí fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì pè é súnmọ́ kó wò ó fúnra rẹ̀. Nígbà tí kóńtáàtì bá ṣí, kọ́ńdẹ́ńsà ló ń gba iná tí ì bá ta níbẹ̀, kí iná kọ́ìlì lè já gììrì, kí agbára rẹ̀ lè dé púlọ́ọ̀gì. Bó bá ti gbó, ó lè ṣiṣẹ́ nígbà tó tutù, kó sì kọṣẹ́ nígbà tó bá gbóná. Bàbá rí òmíràn nínú agolo kan, ìdè kan ló mú un. Ó fi sáńpépà ha ojú kóńtáàtì, ó wọn ọ́n sí milimítà 0.4. Nígbà tí a tún dán an wò, iná búlúù fò, ó dún pàù. Owó tí Bàbá gbà kò tó ìdajì owó púlọ́ọ̀gì tí mo rà ní Gate.

Mo kọjá Ìwàràjà, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, Ọwẹ́nà àti Ìgbàrà-Òkè, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ tó yẹ ní sísọ. Mo dé Àkúrẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n pa á, ó sì ṣí i fúnra rẹ̀ nínú ooru yẹn. Ó mú.

Àwọn tó mọ irú iṣẹ́ tí bàbá yẹn ṣe ń dàgbà, wọ́n sì ń dín kù. Mo bẹ ẹ̀yin ọ̀gá mẹ́káníìkì: ẹ pe àwọn ọmọ iṣẹ́ yín súnmọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo iná kí wọ́n tó lọ ra nǹkan. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ọkọ̀ àtijọ́, ẹ gba púlọ́ọ̀gì tí wọ́n bá yọ lára ọkọ̀ yín, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sanwó.