Olùkọ́ Wákàtí Mẹ́fà

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí fún ìyàwó kan tí ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ láti Èjìgbò lọ sí Bouaké, lẹ́yìn tí ìjà ilẹ̀ Côte d'Ivoire ti rọlẹ̀ ní 2011. Ọkọ ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà ìlú náà. Ìyàwó ní tirẹ̀ jẹ́ olùkọ́. Ó ní ìwé ẹ̀rí NCE nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti fi ọdún méje kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kí ó tó gba ìsinmi ọdún méjì tí kò ní owó oṣù nínú. Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè wá iṣẹ́ tì láàrin àwọn tí ń sọ Faransé.

Kì í ṣe ohun tuntun kí ará Èjìgbò gba ọ̀nà Côte d'Ivoire. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni àwọn ará Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú mìíràn ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀, tí àwọn onílẹ̀ sì ń pè wọ́n ní Ànàgó. Títí di òní, ènìyàn lè gbọ́ Faransé ní ojú pópó Èjìgbò lẹ́nu àwọn tí wọ́n ti Àbíjàn dé.

Obìnrin tí ó bá fẹ́ lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní láti kọ́kọ́ gba físà ìyàwó. Ti Bouaké kò rí bẹ́ẹ̀. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní 1979 gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láàyè láti wọ òmíràn láìsí físà fún 90 ọjọ́. Àdéhùn 1986 fi ẹ̀tọ́ ìgbélùú àti ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ṣíṣe kún un. Ní 2007, ìjọba Côte d'Ivoire fagi lé káàdì ìgbélùú tí àwọn ará ECOWAS ti ń san owó lé lórí láti 1990. Nítorí náà, ìṣòro obìnrin yìí kò sí ní ẹnu ibodè. Ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni ó wà.

Àdéhùn 1986 náà yọ iṣẹ́ ọba sílẹ̀, ìyẹn ni pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè fi í pamọ́ fún àwọn ọmọ tirẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni nìkan ni ó kù. Gẹ̀ẹ́sì pọn dandan níbẹ̀ láti kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n olùkọ́ ní láti gba ìwé àṣẹ kíkọ́ni lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ètò ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ yí ìwé NCE náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó béèrè bóyá *bac* ni tàbí *licence*. Kò jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́ta gbáko lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó ná obìnrin náà. Ọ̀gá kejì kò wo ìwé rárá. Faransé ni ó fi bi í léèrè ohun tí yóò ṣe bí kíláàsì bá dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò gbọ́ ìbéèrè náà, dé ibi pé yóò dáhùn. Ó dúpẹ́, ó jáde.

Oṣù mẹ́rin kọjá tí ó ń jókòó ti ọkọ rẹ̀ ní ìsọ̀. Níbẹ̀ ni ìyá àgbà kan, Ànàgó tí ń ta aṣọ, ti pè é.

“Ìyàwó, wọ́n ní tíṣà ni ọ́ nílé. Ọmọ ọmọ mi ń padà sí Èjìgbò lọ́dún tí ń bọ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan.”

“Ẹ jẹ́ kí ó máa wá, Ìyá.”

Ọmọ kan di mẹ́ta, mẹ́ta di mẹ́jọ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí gbọ́ Yorùbá ilé, Jùlà ọjà àti Faransé ilé ẹ̀kọ́. Gẹ̀ẹ́sì tí wọn yóò fi kàwé nílé baba wọn ni wọn kò gbọ́. Faransé kò ní ìró *h*, nítorí náà wọ́n ń gé orí *house* dànù. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n kọ́kọ́ pe *ahọ́n*, kí wọ́n pe *ihò*, kí wọ́n wá gbé èémí kan náà lọ sínú *house*. Yorùbá àti Faransé sì jọ ń gba imú pe fáwẹ̀lì. *N* tí a kọ sí ìparí *ọgbọ́n* tàbí *bon*, àmì lásán ni. Ṣùgbọ́n ahọ́n gbọ́dọ̀ kan òkè ẹnu ní ìparí *pen*. Obìnrin yìí ti ṣe àṣìṣe kan náà rí nígbà tí ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì mọ ibi tí ahọ́n ti ń ṣìnà. Bí òun náà bá ṣèèṣì pe *very* bí ẹni pé *fẹ́rì*, àwọn ọmọ a bú sẹ́rìn-ín, nítorí *v* wà nínú Faransé. A bá wọn rẹ́rìn-ín, a tún un pè. Báyìí ni òun náà ṣe ń kọ́ Faransé lẹ́nu wọn.

Nígbà tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan fi ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí ọ̀kan nínú wọn ń lọ sílẹ̀, ìyá ọmọ náà mú un lọ bá ọ̀gá ibẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti gbé ìwé rẹ̀ fún olùtumọ̀ tí ó búra nílé ẹjọ́, ó sì fi Faransé dáhùn, bí ó tilẹ̀ ń kọsẹ̀. Wọ́n fún un ní wákàtí mẹ́fà lọ́sẹ̀, wọ́n sì bá a béèrè ìwé àṣẹ. *Vacataire* ni wọ́n ń pe irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀: wákàtí tí ó bá kọ́ nìkan ni owó rẹ̀. Nínú ìsinmi, kò sí nǹkan. Nílé, tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é, owó oṣù sì ń wọlé. Ní Bouaké, *professeur* ni àwọn ọmọ ń pè é, owó wákàtí mẹ́fà kò sì lè san owó ilé.

Láàrin èyí ni ìwé dé láti ilé: ìsinmi ọdún méjì ti ń parí lọ. Kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́, tàbí kí ó pàdánù rẹ̀ pẹ̀lú ọdún méje tí ó ti kà sí owó ìfẹ̀yìntì. Ọkọ rẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Òru ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ṣírò owó sínú ìwé àjákọ àwọn ọmọ. Bí ó ti wù kí ó ṣírò rẹ̀, ilé ni ó lérè jù. Síbẹ̀, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ọkọ wà ní Bouaké kí òun wà ní Èjìgbò.

Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ ọ̀nà yìí, kí ó kọ́ Faransé kí ó tó kúrò nílé, kí ó sì túmọ̀ ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Òfin lè ṣí ibodè, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá gbọ́ èdè ara wa ni ó ń mú ni dé ẹnu ọ̀nà iṣẹ́. Ní ọdún ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀ lé e, wákàtí mẹ́fà náà di mẹ́wàá. Kò tíì di iṣẹ́ tí ènìyàn fi ń kọ́lé. Ọmọ ọmọ ìyá aláṣọ ti dé Èjìgbò ní tirẹ̀, ó sì ti wọ kíláàsì tí ojúgbà rẹ̀ wà.