Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Ọta Kí N Tó Gbẹ́kẹ̀ Lé Ìbọn Mi

Ilé ọdẹ ni wọ́n ti bí mi. Ní agbègbè Òkè-Ògùn tí mo dàgbà sí, orí àjà ni ìbọn ṣakabùlà Bàámi máa ń wà, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kankan kò lè tó. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fi igi lásán ṣe ìbọn, tí ó sì nà án sí ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Bàámi yóò gba igi náà, yóò sì pa òwe tí gbogbo wa mọ̀ lórí: "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú ìbọn kọ òun?" N kò mọ̀ pé òwe yẹn ni n ó gbé dé ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, tí èmi alára yóò sì ra ìbọn níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ mi, ó sì máa ń lo ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún lójú ọ̀nà. Ní òru ọjọ́ kan tí kò sí nílé, ẹnìkan fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wa lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi àti ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, nìkan ni a wà nínú ilé. Ilẹ̀kùn kò já, ẹni náà sì ti lọ kí ọlọ́pàá tó dé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni oorun ti di ọ̀wọ́n lójú mi.

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ ra ìbọn, kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ìyá ọmọ mi, olè tí ó wá lẹ́ẹ̀kan ni ìwọ ń rò. Ọmọ tí ó wà nílé lójoojúmọ́ ni èmi ń rò." N kò rí èsì fún un.

Ní pápá ìyìnbọn tí ó wà nítòsí wa, wọ́n máa ń fi oríṣiríṣi ìbọn háyà fún ẹni tí ó bá fẹ́ dán wọn wò. Ìbọn ìléwọ́ kékeré kan, tí ó fúyẹ́ bí ohun ìṣeré, ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, wọ́n ní ti obìnrin ni. Bí mo ṣe yìn ín, ó ta mí lọ́wọ́ bí ẹni pé ó bínú sí mi. Olùkọ́ wa, obìnrin kan tí ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, rẹ́rìn-ín, ó sì gbé òmíràn wá: ìbọn 1911, oní .45.

John Moses Browning ni ó ṣe ìbọn yìí, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì gbà á wọlé ní ọdún 1911. Òun ni ìbọn ìléwọ́ wọn títí di ọdún 1985. Irin ni gbogbo ara rẹ̀, ó sì lé ní kílógíráàmù kan kí a tó ki ọta bọ̀ ọ́. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju mìlímítà 11 lọ. Orí ọta rẹ̀ wúwo tó gíráàmù 15, ìyẹn bí ìlọ́po méjì ti oní mìlímítà 9. Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yìn ín, ṣe ni ó ti àtẹ́lẹwọ́ mi sẹ́yìn. Kò ta mí bí ti àkọ́kọ́. Ìwúwo ara rẹ̀ ni ó ń gba púpọ̀ nínú agbára náà. Ọta méje tí ó ń gbà sì tò lé ara wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú ìdìmú rẹ̀, nítorí náà ìdìmú náà tẹ́ẹ́rẹ́, ìka mi kúkúrú sì ká a. Bàtà tí ó bá ẹsẹ̀ ẹni mu ni à ń rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ní ó yẹ wá.

Rírà rẹ̀ kò pẹ́. Mo kọ èsì sínú fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní 4473, ẹni tí ó ń tajà fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tí ń yẹ àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn wò, èsì sì dé kí n tó mu omi inú ife mi tán. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fọwọ́ sí i. Ìrọ̀rùn tí mo fi rí tèmi gbà gan-an ni ó dẹ́rù bà mí.

Mo pe Bàámi lórí fóònù, mo ń ròyìn bí ìbọn náà ti tóbi tó. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, níbo ni yóò máa sùn?"

Mo ní, "Inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi ni, Bàámi." Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já.

Ìbọn tuntun irú èyí a máa le. Wọ́n ṣe àwọn irin rẹ̀ wẹ́kú, débi pé ìdérí òkè rẹ̀, tí ń lọ tí ń bọ̀ nígbà tí a bá yìn ín, a máa há. Àwọn kan nínú àwọn tí ń ṣe é a máa dámọ̀ràn pé kí a yin ọta tó 500 kí ara rẹ̀ tó dẹ̀. Mo nu òróró tí ó bá a wá kúrò, mo fi tuntun sí i, mo sì mú ìwé kékeré kan dání láti máa kọ ohun gbogbo sílẹ̀.

Nínú ọta 100 àkọ́kọ́, ó há lẹ́ẹ̀márùn-ún. Nígbà mìíràn, orí ọta yóò gún ẹnu ọ̀pá, kò ní wọlé. Nígbà mìíràn, èèpo ọta tí ó yẹ kí ó fò jáde yóò nàró sójú ihò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìbọn. Olùkọ́ wa gbà á lọ́wọ́ mi, ó yin méje láìhá, ó sì dá a padà. Ó ní, "Kì í ṣe ìbọn nìkan ni ó jẹ́ tuntun. Ọrùn-ọwọ́ rẹ ń dẹ̀." Bí ọrùn-ọwọ́ bá dẹ̀, ọwọ́ ni yóò gba agbára tí ó yẹ kí ó ti ìdérí náà dé ẹ̀yìn pátápátá. Mo mú ọwọ́ le. Nínú 100 kejì, ó há lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú ìkẹta, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo fi orin délé lọ́jọ́ yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ mi wọ ilé ìdáná wá, ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. "Mọ́mì, mo rí góòlù." Ó la ọwọ́. Ọta kan ni, odidi, tí a kò tíì yìn. Ó wà nínú àpò ṣòkòtò tí mo sọ sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìfọ̀.

Ọkọ mi wà nídìí tábìlì. Ó dìde, ó rọra gba ọta náà lọ́wọ́ ọmọ, ó gbé e síwájú mi, ó sì padà jókòó. Kò sọ ohunkóhun. Ì bá sàn kí ó bú mi.

Mo ti ń ka iye ìgbà tí ìbọn há, n kò ka ọta. Ìbọn ni mo ń tọ́, n kò tíì tọ́ ilé. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo ra àpótí irin, tí ọkọ mi sì fi ìdè kàn án mọ́ ilẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe nínú yàrá wa. Òfin Texas ní ẹ̀ṣẹ̀ ni fún ẹni tí ó bá fi àìbìkítà jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 tẹ ìbọn tí ó ní ọta nínú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀ ni òfin ń dé. Láti ìgbà náà, mo máa ń ka ọta kí n tó kúrò ní pápá. Mo máa ń yẹ àpò mi wò. Mo máa ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́, mo sì máa ń pààrọ̀ aṣọ kí n tó gbé ọmọ mi mọ́ra, nítorí pé òjé inú ọta ń lẹ̀ mọ́ni lára, ó sì burú fún ọpọlọ ọmọdé. A ti kọ́ ọmọ náà pẹ̀lú: bí ó bá rí ìbọn níbikíbi, kó má fọwọ́ kàn án, kó kúrò níbẹ̀, kó wá sọ fún àgbàlagbà. Ó ti mọ òwe apátí lórí báyìí.

Nínú 100 kẹrin àti ìkarùn-ún, ìbọn náà kò há rárá. Mo tún dán irú ọta tí mo fẹ́ fi pamọ́ sílé wò, èyí tí orí rẹ̀ ní ihò, nítorí pé ìbọn tí ó ń gba ọta olórí roboto lè kọ ti oníhò. Ó gbà á.

Láti ibùsùn mi dé ìdí àpótí náà nínú òkùnkùn, títí n ó fi ṣí i, ìṣẹ́jú-àáyá 20 ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn nìyẹn. Mo mọ̀ pé ó lè pọ̀ jù lóru ọjọ́ kan. Mo gbà láti san án.

Mo tún pe Bàámi. Kò béèrè bóyá ìbọn náà ṣì ń há. Ó ní, "Níbo ni ó ń sùn báyìí?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Ó dára. Jẹ́ kí n kí ọmọ mi." Mo gbé fóònù fún ọmọ náà.