Èpò Ẹ̀yìnkùlé Lọ́jọ́ Alẹ́

Èpò ni ewéko tó hù síbi tí a kò fẹ́ ẹ. Ní Ẹdẹ, lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun, òjò àkọ́rọ̀ ló ń jí i, kì í sì í sinmi títí ọyẹ́ yóò fi dé. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá pé ọmọ ọdún 60, tàbí tó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn tì. Nígbà náà ni ẹ̀yìnkùlé ń di oko fún ọ̀pọ̀ wọn.

Àgbà kì í ro èpò bí ọ̀dọ́. Ẹ̀yìn kò gba ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Àpótí ni àgbà ń gbé síbẹ̀ lówùúrọ̀ lẹ́yìn òjò, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀. Yóò fa ìwọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ tó, yóò sún àpótí síwájú. Imí eṣú kì í yọni lẹ́nu: gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, òórùn rẹ̀ nìkan ló ń kù sọ́wọ́. Èkan ló le. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà rìn, ṣóńṣó rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ègé kékeré tó bá ṣẹ́ kù sínú ilẹ̀ yóò sì tún hù. Àfi kí a wa ilẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ.

Ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, àlejò ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọdún 1942 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní Nàìjíríà, lápá Enugu. Oje rẹ̀ ni wọ́n ń fún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Bó bá tanná lẹ́ẹ̀rùn, tata aláràbarà tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ a rọ́ dé: májèlé inú òdòdó náà ni tata ń kó sára, tó fi ń dáàbò bo ẹyin rẹ̀. Ẹni tó bá gé e kó tó tanná lè dín ewu tata kù fún ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó ń fọwọ́ fa èpò máa ń rí gbúre àti tẹ̀tẹ̀ tó lalẹ̀ hù, yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọbẹ̀. Ó tún máa ń rí àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti rú, tí èèrà ń sá kiri, akọ alángbá olórí pupa yóò sọ̀ kalẹ̀ láti orí ògiri, yóò mi orí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀mẹta, yóò ṣa èèrà kan, yóò tún dúró wòye. Ọ̀pọ̀lọ́ wà lábẹ́ ewé tútù. Ológoṣẹ́ ń bà lé igi koríko títí yóò fi tẹ̀, kí ó lè jẹ hóró orí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ oògùn apakoríko kì í ya gbúre sọ́tọ̀. Paraquat tiẹ̀ burú jù: kò sí ẹ̀rọ̀ fún ẹni tó bá gbé e mì, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, sì fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024.

Ní Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo nítòsí, tí UNESCO fi kún ogún àgbáyé ní ọdún 2005, òfin ló ń dáàbò bo ọ̀bọ. Ẹ̀yìnkùlé kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mú àdá dání ló ń pinnu. Ẹ ro ẹ̀bá ògiri mọ́ tónítóní nítorí ejò, ṣùgbọ́n ẹ fi igun tó jìnnà sí ilé sílẹ̀ fún ológoṣẹ́.