Oúnjẹ Ọ̀pọ̀ Nínú Ilé Tẹ́tẹ́

Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ẹnì kan bá ń ta oúnjẹ ní iye tí kò tó owó èlò ọbẹ̀, ọlọ́gbọ́n a béèrè ẹni tí ń san ìyókù.

Ìbéèrè yìí bá ìlú Las Vegas mu, ní ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1931 ni òfin ìpínlẹ̀ náà fi àṣẹ sí tẹ́tẹ́ títa. Àwọn onílé tẹ́tẹ́ mọ̀ pé ẹni tí ebi bá ń pa yóò dìde nídìí ayò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ ilé oúnjẹ kékeré sínú ilé tẹ́tẹ́, èyí tí kì í ti ilẹ̀kùn tọ̀sán-tòru, tí ẹyin díndín, búrẹ́dì àti kọfí kì í wọ́n níbẹ̀. Ní 1959, ilé tẹ́tẹ́ Golden Gate bẹ̀rẹ̀ sí í ta ife edé kan ní 50 sẹ́ǹtì. Ní 1991, ó di 99 sẹ́ǹtì. Ìdẹ ni, bí ẹ̀kùrọ́ tí a fi sí ẹnu ẹ̀bìtì.

Bàbá àti ìyá tí owó wọn kò tó nǹkan a kó ọmọ wọn wá síbẹ̀. Wọn kò wá ta tẹ́tẹ́, oúnjẹ ni wọ́n wá jẹ. Ṣùgbọ́n àárín àwọn ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ni ọ̀nà ìdí oúnjẹ sábà máa ń gbà kọjá. Òfin Nevada kò gbà kí ẹni tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 21 dúró pẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́; ó lè kọjá lọ jẹun. Ẹsẹ̀ ọmọ ni òfin dè, kò de ojú rẹ̀, kò sì de etí rẹ̀. Yorùbá a máa wí pé ènìyàn jẹ oúnjẹ, wọn a sì máa wí pé ènìyàn jẹ tẹ́tẹ́. Ọmọ ń gbọ́ agogo ẹni tí ó jẹ. Kò sí agogo tí wọ́n ń lù fún ẹni tí wọ́n jẹ.

Síbẹ̀, kí a má purọ́ mọ́ oúnjẹ náà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ti jẹ àjẹyó níbẹ̀, tí wọ́n san dọ́là díẹ̀, tí wọ́n sì kó ọmọ wọn jáde láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Wọ́n jẹ ìdẹ, ẹ̀bìtì kò pa wọ́n. Ẹni tí ó pàdánù owó ilé rẹ̀ nídìí ayò ni ó bá wọn san ìyókù. Nínú àwo tí ó yó ọmọ ẹnì kan, owó ilé-ìwé ọmọ ẹlòmíràn lè wà níbẹ̀.

Ìgbà ti yí padà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1999, owó yàrá, oúnjẹ, ọtí àti eré ti ju owó tẹ́tẹ́ lọ nínú ohun tí àwọn ilé ńlá ojú pópó Strip ń pa. Golden Gate pa edé rẹ̀ tì ní 2017. Ní 2020, àrùn kòrónà ti ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ àjẹyó pa, àwọn kan kò sì ṣí mọ́. Ìdẹ ti ń wọ́n, ẹ̀bìtì kò kúrò.

Kí òbí tí yóò kó ọmọ kọjá lọ jẹun níbẹ̀ ka owó àpò rẹ̀ kí ó tó wọlé, kí ó sì tún un kà lójú ọmọ nígbà tí ó bá jáde. Ẹ̀kọ́ ìṣirò tí ọmọ kì í gbàgbé nìyẹn.